Suilven: Òkè Tó Dá Dúró ní Àríwá Scotland

Òkè kan wà ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Scotland tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i láti ojú òkun yóò rò pé òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Suilven ni orúkọ rẹ̀. Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pè é sún mọ́ "Súlìfẹ̀n". Òun ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí: bí òkè náà ṣe rí, ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àti bí ènìyàn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn dé orí rẹ̀.

Níbo ni Suilven wà gan-an? Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Assynt ló wà, ní ibi tí ilẹ̀ Scotland ti ń tán lọ sí etí òkun. Ìlú tó sún mọ́ ọn jù ni Lochinver, ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ àwọn apẹja máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti ìlú Inverness yóò lo bíi wákàtí méjì lójú ọ̀nà kó tó dé Lochinver, ọ̀nà náà yóò sì máa tóóró sí i bó ṣe ń lọ. Àwọn ilé yóò jìnnà síra wọn. Igi yóò dín kù. Nígbà tó bá yá, òkúta, omi àti koríko pupa rúsúrúsú nìkan ni ojú yóò máa rí.

Orúkọ òkè yìí fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Àwọn atukọ̀ láti Norway ti ń wọ etíkun Scotland láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn kan nínú wọn sì tẹ̀dó síbẹ̀. "Súla" ni wọ́n ń pe òpó ní èdè tiwọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń sọ èdè Gaelic ní tiwọn ń pe òkè ní "beinn". Èdè méjèèjì pàdé, orúkọ náà sì di Òkè Òpó. Láti inú ọkọ̀ ojú omi ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti hàn kedere jù, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn, ìhà òkun, ni òkè náà ti jọ òpó. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ rárá. Ibi tó dúró sí ló sọ ohun tó rí.

Ṣé ó ga púpọ̀ ni? Ó tì o. Gíga Suilven jẹ́ mítà 731. Ben Nevis tó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Britain jẹ́ mítà 1,345, èyí tó fi hàn pé Suilven fi díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀. Ní ọdún 1891, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sir Hugh Munro tẹ àkójọ àwọn òkè Scotland tí gíga wọn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà jáde. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi gígun gbogbo àwọn òkè inú àkójọ náà ṣe iṣẹ́ ayé wọn. Suilven kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé kò ga tó. Síbẹ̀, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gun àwọn òkè gíga wọ̀nyẹn tán ni Suilven ṣì ń fà lọ́kàn.

Ohun tó ń fa ọkàn wọn ni ìrísí òkè náà. Láti ìwọ̀-oòrùn, ní Lochinver, òpó ni, orí rẹ̀ sì rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Láti ìlà-oòrùn, ó ṣẹ́ ṣóńṣó bí orí ọ̀kọ̀. Láti àríwá tàbí gúúsù ńkọ́? Kì í ṣe òpó mọ́, kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Ògiri gígùn ni, tó nà tó bíi kìlómítà méjì, pẹ̀lú ṣóńṣó mẹ́ta lórí rẹ̀. Èyí tó ga jù, tó kọjú sí òkun, ni Caisteal Liath, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ilé Olódi Aláwọ̀ Eérú. Meall Meadhonach, Òkè Àárín, ló tẹ̀ lé e. Meall Beag, Òkè Kékeré, ló kẹ́yìn ní ìhà ìlà-oòrùn. Láàárín èyí àkọ́kọ́ àti èkejì, ògiri náà rẹlẹ̀ sísàlẹ̀, ibẹ̀ sì di ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bealach Mòr. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ yóò padà kàn án.

Ó yá, kí ló sọ òkè kan ṣoṣo di aláwòrán mẹ́ta báyìí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú òkúta.

Irú òkúta méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, ọ̀kan wà lábẹ́, èkejì wà lórí. Ti ìsàlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè ní gneiss. Òkúta yìí le, ó ní àwọ̀ eérú, ìlà funfun, dúdú àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì là á já, àwọn mìíràn tẹ́ gbọọrọ bí ìlà ara aṣọ òfì, àwọn mìíràn ká kọ́rọkọ̀rọ bí ẹni pé wọ́n fún un nígbà tó ṣì rọ̀. Òótọ́ ni pé ó rọ̀ nígbà kan rí. Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ooru àti ìwúwo ti pọ̀ jọjọ, ni wọ́n ti pò ó. Ọjọ́ orí èyí tó dàgbà jù nínú rẹ̀ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3 ọdún. Òun ló wà lára àwọn òkúta tó pẹ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù.

Òkúta kejì, èyí tí wọ́n fi mọ Suilven gan-an, jẹ́ òkúta oníyanrìn. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ibo ni iyanrìn náà ti wá? Odò ló gbé e wá. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, àwọn odò ńlá ń ṣàn kọjá lórí òkúta ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń kó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ dà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà náà, kò sí igi, kò sí koríko kankan lórí ilẹ̀ ayé tí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú. Odò ń tàn káàkiri bó ṣe wù ú. Iyanrìn gorí iyanrìn, ìpele gorí ìpele, títí ó fi ga jọjọ, tó sì dì di òkúta. Ẹni tó bá sún mọ́ ara Suilven lónìí yóò rí àwọn ìpele náà, wọ́n tẹ́ lé ara wọn bí ìdì aṣọ nínú àpótí. Bó bá tún tẹjú mọ́ ọn dáadáa, yóò rí àwọn òkúta róbótó kéékèèké nínú rẹ̀, òmíràn tó ẹyin ẹyẹlé, tí omi odò ti yí dán kó tó di pé iyanrìn gbé wọn mì. Ènìyàn lè fi ìka kan ohun tí odò gbé kalẹ̀ kí ewéko kankan tó hù lórí ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í nìyí o. Wọ́n máa ń rò pé ilẹ̀ ló sán, tí Suilven fi yọrí sókè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta oníyanrìn yẹn bo gbogbo agbègbè náà nígbà kan, bí ìbora ńlá kan. Òjò, odò, òtútù àti yìnyín ló ṣí i kúrò. Wọ́n gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tí ayé tutù tí yìnyín sì bo Scotland, yìnyín náà nípọn gan-an, ó sì ń wọ́ lọ sí ìhà òkun. Bó ṣe ń wọ́ lọ, ó ń họ ilẹ̀, ó ń bẹ́ òkúta, ó sì ń bọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì títí tí òkè náà fi di ògiri. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún sẹ́yìn ni èyí tó kẹ́yìn nínú yìnyín náà yọ́ tán. Nítorí náà, Suilven kò gòkè wá. Ohun tó yí i ká ni wọ́n kó lọ, òun ló ṣẹ́kù. Àwọn òkè àpáta Ìdànrè náà yọ síta lọ́nà tó jọ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta tiwọn kò ní ìpele, tí kò sì sí yìnyín kankan nínú ìtàn wọn.

Ilẹ̀ tí yìnyín họ yẹn ńkọ́? Òun náà wà níbẹ̀ títí dòní. Láti ìsàlẹ̀ Suilven dé etí òkun, òkúta gneiss ti yọ síta, ó rí ṣágiṣàgi, òkìtì kékeré níhìn-ín, kòtò kékeré lọ́hùn-ún. Kòtò tí yìnyín gbẹ́ ni omi wá kún. Àwọn adágún kéékèèké wọ̀nyẹn pọ̀ dé ibi pé bí oòrùn bá ràn, gbogbo ilẹ̀ náà á máa kọ mànà bí ìgbà tí dígí fọ́ káàkiri.

A ti mọ ohun tí òkè náà jẹ́ wàyí. Báwo ni wọ́n ṣe ń gùn ún? Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn Lochinver, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Glencanisp Lodge. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ogún kìlómítà, ó sì lè gba wákàtí méje sí mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rìn dáadáa. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ìrìn tó ṣáájú òkè gùn ju gígun òkè fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ènìyàn á rìn, á rìn, òkè á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ adágún kan kọjá, ó sì wọ àárín pápá. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilé olókùúta kékeré kan wà tó ń jẹ́ Suileag. Bothy ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Scotland. Kì í ní àgádágodo, kò sí iná mànàmáná, kò sí ẹni tó ń gba owó níbẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ilẹ̀ bá ṣú bá lè wọlé kó sùn, kó sì gbálẹ̀ kó tó lọ. Ìwà ọmọlúàbí tó wà nínú ètò yìí dára púpọ̀. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ló ń tún irú àwọn ilé wọ̀nyí ṣe.

Lẹ́yìn Suileag, ọ̀nà yóò sọdá odò lórí afárá, nígbà tó bá sì ṣe díẹ̀, yóò yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, yóò kọjú sí òkè tààrà. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ irà. Irà Scotland yàtọ̀ sí ẹrẹ̀ lásán. Ewéko tó kú ni, tí omi kò jẹ́ kó jẹrà tán, tó sì kórajọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ó dúdú, ó rọ̀ bí kànrìnkàn, ẹsẹ̀ tó bá kì bọ̀ ọ́ lè dé orúnkún. Ìdí nìyí tí bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ kì í fi í ṣe àṣejù níbẹ̀.

Lẹ́yìn irà, ògiri òkè dúró gangan níwájú. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò béèrè pé, níbo ni ènìyàn yóò gbà gun èyí? Ibẹ̀ ni orúkọ tí a fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ti wúlò. Pàlàpálá kan ṣí sílẹ̀ nínú ògiri náà, òun ló sì lọ sí Bealach Mòr. Ó dàgẹ̀rẹ̀ gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ibòmíràn sì wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni ènìyàn yóò fi di àpáta mú. Bó ti wù kó rí, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò béèrè okùn, kò sì béèrè irinṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìmí yóò máa lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rọra gùn ún, tó sì ń sinmi, yóò dé òkè.

Ní orí ògiri náà, ohun àjèjì kan ń dúró de arìnrìn-àjò. Ògiri mìíràn ni, tí ọwọ́ ènìyàn mọ, tó dábùú ẹ̀yìn òkè láti etí kan dé èkejì. Kò sí amọ̀ nínú rẹ̀, kò sí sìmẹ́ńtì. Òkúta pupa pẹlẹbẹ ni wọ́n tò lé ara wọn, tí èyí tó wà lókè ń fi ìwúwo rẹ̀ di ti ìsàlẹ̀ mú. Àlàfo kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn máa ń gbà kọjá. Àwọn tó mọ ọ́n ru òkúta wọn ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti lè ti ènìyàn ṣubú, wọ́n sì tò ó gún régé bí ẹni tó ń mọ ògiri àgbàlá.

Láti ibẹ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń yà lọ sí Caisteal Liath. Ọ̀nà á tóóró níbì kan, lẹ́yìn náà ni á wá fẹ̀. Òkè tó dà bí òpó látòkèèrè wá ní koríko tútù tó tẹ́ rẹrẹ lórí, tí ènìyàn lè jókòó sí kó jẹun. Ẹni tó bá yà sí òsì ńkọ́? Meall Meadhonach ló wà lápá ibẹ̀, àpáta rẹ̀ sì le ju ti èkíní lọ púpọ̀. Kì í ṣe ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òkè gígùn ń lọ.

Kí ni ojú ń rí láti òkè náà? Òkun wà ní ìwọ̀-oòrùn, bí ojú ọjọ́ bá sì mọ́, àwọn erékùṣù Hebrides yóò hàn ní òdìkejì rẹ̀. Canisp wà nítòsí ní ìlà-oòrùn, Quinag wà ní àríwá, Cùl Mòr àti Stac Pollaidh wà ní gúúsù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró, àlàfo sì wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn wò, nítorí pé òkúta ló kún ibẹ̀ nígbà kan rí. Akéwì Norman MacCaig, tó gbé ayé láti 1910 sí 1996, ń bọ̀ sí Assynt láti Edinburgh lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi àwọn òkè wọ̀nyí kọ ewì púpọ̀. Ní 2017, fíìmù kan tó ń jẹ́ Edie jáde, nípa ìyá àgbà kan tó pinnu láti gun Suilven. Sheila Hancock ló ṣe ìyá náà. Ó ti pé ẹni ọdún 83 nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù ọ̀hún, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tan ẹnikẹ́ni jẹ o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ewu Suilven kò sí nínú àpáta tó bí ó ti wà nínú ojú ọjọ́. Afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun ń gbé òjò wá, kùrukùru sì lè bo orí òkè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí ènìyàn ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, aṣọ tó bá sì ti rin máa ń jẹ́ kí òtútù wọ ara kíákíá, pàápàá bí ìjì bá ń jà. Àárẹ̀ òtútù yìí ti pa ènìyàn lórí àwọn òkè Scotland, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, aṣọ tí omi kì í wọ̀, aṣọ òtútù mìíràn nínú àpò, oúnjẹ, tọ́ọ̀ṣì, máàpù àti kọ́ńpáàsì kì í ṣe ẹrù àpọ̀jù. Fóònù lásán kò tó, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé gbogbo ibẹ̀.

Kí ni ìdí tí máàpù fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Nítorí àbọ̀ ni. Pàlàpálá pọ̀ lára ògiri Suilven, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọra láti òkè. Ẹni tí kùrukùru bá dé mọ́ lè rò pé òun ti rí ọ̀nà, kó máa sọ̀ kalẹ̀, kó sì bá ara rẹ̀ ní etí ọ̀gbun. Bealach Mòr ni kó padà sí. Ibẹ̀ ló gbà gòkè, ibẹ̀ náà ni kó gbà sọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí àríwá débi pé ní oṣù Okúdù, ojúmọ́ ń tó wákàtí méjìdínlógún. Nínú oṣù Ọ̀pẹ, bíi wákàtí mẹ́fà péré ni. Ìrìn tó dẹrùn lóṣù Okúdù lè di ìrìn òru lóṣù Ọ̀pẹ, pẹ̀lú yìnyín lójú ọ̀nà. Bí ewu bá ṣẹlẹ̀, 999 ni wọ́n ń pè. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń béèrè, kí wọ́n tó béèrè àwọn adóòlà orí òkè. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ yóò fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, yóò tún fọn ọ́n. Àwọn adóòlà náà yọ̀ǹda ara wọn ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà là.

Àwọn ẹ̀dá kéékèèké náà kò ṣeé fojú di. Kantíkantí ibẹ̀ ń jẹni gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ni wọ́n ń jáde, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọn a pòórá. Eégbọn ń sá pamọ́ sínú koríko gíga, òmíràn sì ń gbé àrùn kiri, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn. Ti àgbọ̀nrín pupa ló dùn. Ní oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí akọ ń wá abo, ohùn wọn á máa dún láti ẹ̀gbẹ́ òkè dé ẹ̀gbẹ́ òkè. Ó ki, ó sì gùn. Ẹni tí kò bá gbọ́ irú rẹ̀ rí lè rò pé màlúù ló há sínú àpáta.

Ó ku ìbéèrè kan. Ta ló ni òkè náà, ta ló sì ń gbani láyè láti gùn ún? Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri orí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àti òkè, bí wọn kò bá ṣáà ba nǹkan jẹ́, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ìdílé olówó kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ní 2005, àwọn ará Assynt kó owó jọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́, wọ́n ra ilẹ̀ Glencanisp àti Drumrunie, Suilven sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá àjọ Assynt Foundation sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ọ̀rọ̀ tó wúni lórí ni èyí, pé àwọn tí wọ́n ń jí wo òkè náà lójoojúmọ́ wá di olówó orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àlejò pọ̀. Nínú irà yẹn, ẹni kọ̀ọ̀kan ń yẹra fún ẹrẹ̀ tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dá sílẹ̀, ọ̀nà náà wá ń fẹ̀ sí i títí ó fi di egbò ńlá lára ilẹ̀. Àjọ Assynt Foundation àti àwọn alábàáṣe, tí John Muir Trust wà lára wọn, ló gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ dìde. Hẹlikópítà gbé òkúta wá sí ibi tí mọ́tò kò lè dé, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ọwọ́ tò ó mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n la ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí omi òjò lè rí ibi gbà láìgbá òkúta lọ. Ojú àgbàrá wọ̀nyẹn máa ń dí. Kò sí ẹ̀rọ tó ń bá wọn là á, nítorí náà, lẹ́yìn ìgbà òtútù, ènìyàn ló ń gbé ṣọ́bìrì rìn lọ síbẹ̀ láti kó ẹrẹ̀ àti koríko inú rẹ̀ kúrò.